Ṣọ́bìrì Tó Wà Lẹ́yìn Mi Kì í Ṣe Tèmi

Kí a tó dé pápá náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Bàbá, olùkọ́ mi lórí òkè, ti rì báàgì kan mọ́ inú yìnyín. Ó tan bíkọ̀n sínú rẹ̀, ó ki aṣọ àtijọ́ sí i kó lè wúwo, ó kó yìnyín bò ó, ó sì fi síkì, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí a ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ láti yọ̀ lórí yìnyín, tẹ ojú ibẹ̀ títí kò fi yàtọ̀ sí gbogbo pápá tó kù. Nígbà tí mo dé, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó ní, “Àbúrò rẹ ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Ó yá.”

Bíkọ̀n jẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju fóònù àtijọ́ lọ, tí a ń so mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Tí a bá ti tàn án, á máa ké láìsinmi lórí ìgbì 457 kHz, èyí tí gbogbo bíkọ̀n ayé ń lò, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Bí yìnyín bá bo ẹnì kan mọ́lẹ̀, àwọn tó kù á yí tiwọn sí ìwákiri, wọ́n á sì máa gbọ́ igbe tirẹ̀. Mo yí tèmi. Nọ́ńbà 38 jáde lójú rẹ̀, bí iye mítà tó kù, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka sọ́wọ́ òsì. Mo sáré. 21. 9. 4. Nígbà tó kù díẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbé e sún mọ́ ojú yìnyín, mo ń fà á síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, títí nọ́ńbà náà kò fi lè kéré ju 1.2 lọ mọ́. Mo yọ ọ̀pá. Ọ̀pá tín-ín-rín ni, ó ṣeé ká kó sínú báàgì, tí a bá sì nà án tán ó gùn ju èèyàn lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gún ilẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ló kan ohun kan tó rọ̀. Ọwọ́ máa ń mọ ìyàtọ̀ náà kí ọpọlọ tó mọ̀ ọ́n. Yìnyín á jẹ́ kí ọ̀pá wọlé, ilẹ̀ á le gbagidi, ṣùgbọ́n ara èèyàn, tàbí báàgì tó kún fún aṣọ, á ti ọ̀pá padà díẹ̀ bíi tìmùtìmù.

Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Gbígbẹ́ ló dá mi dúró. Mo gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ tààrà bí ẹni ń gbẹ́ kànga, bí mo sì ṣe ń kó yìnyín síta ló ń ya padà sínú ihò. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa pé nǹkan rírọ̀ ni. Yìnyín tí wọ́n bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ a máa dì bí amọ̀ tó gbẹ sójú oòrùn, a sì máa kọ ṣọ́bìrì. Nígbà tí mo fi máa fọwọ́ kan báàgì náà, òógùn ti bò mí nínú òtútù yẹn. Bàbá wo aago rẹ̀. Ó ní, “Ìṣẹ́jú 19. Àbúrò rẹ ti kú.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, “Ta ló ni ṣọ́bìrì tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?”

Mo ní, “Èmi ni mo ni ín, Bàbá.”

Ó ní, “Rárá o. Àwọn tí ẹ jọ ń lọ ló ni ín. Tìrẹ wà lẹ́yìn tiwọn.”

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tó sọ gbólóhùn yẹn fún mi, mi ò sì tíì gbé báàgì síkì kọ́ èjìká láti ọjọ́ náà kí n má rántí rẹ̀.

Sapporo ni mò ń gbé, ní erékùṣù Hokkaido, lápá àríwá Japan. Ìwé ni mo wá kà, iṣẹ́ ló dá mi dúró. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, a kò sì bá síkì nílé wa. Inú ìwàásù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ nǹkan tó ń já bọ́ níbí yìí, òjò dídì. Ìgbà tí mo wá rí i ni mo mọ̀ pé orúkọ náà kò sọ gbogbo rẹ̀. Òjò a máa pariwo lórí páànù kó tó kàn ọ́ lára. Èyí kì í dún rárá. O lè sùn kí ọgbà wà bó ṣe wà, kí o jí kí ọkọ̀ rẹ ti di òkìtì funfun. Àwa Yorùbá tí a wà níbí, yìnyín lásán la ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sì ṣe máa pè é nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú rẹ̀, mo máa ń dárúkọ Simidele Adeagbo, tó ṣojú Nàìjíríà nínú eré skeleton, níbi tí èèyàn ti ń dojú bolẹ̀ lórí pákó kékeré tó ń sáré lórí yìnyín dídì, ní Olympics ìgbà òtútù ní PyeongChang, South Korea, lọ́dún 2018. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ wa kò lè dé. Ohun tó ká mi lára ni bí a ṣe máa padà délé.

Ìdí tí yìnyín ibí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó yé. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ wá láti Siberia, ó ń gba orí Òkun Japan kọjá. Omi òkun yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju afẹ́fẹ́ náà lọ, afẹ́fẹ́ náà sì ń mu ọ̀rinrin bó ṣe ń bọ̀. Tó bá wá kọ lu àwọn òkè Japan, ibẹ̀ ló ti ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ní Niseko, tí ọkọ̀ ń gbé wa dé láti Sapporo ní bíi wákàtí méjì, yìnyín tó ń já bọ́ láàárín ọdún kan tó nǹkan bíi mítà 15. Ó gbẹ, ó fẹ́lẹ́, ó dà bí èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Nítorí rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń wọ bàálù wá láti Australia, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Àwọn ará Japan fúnra wọn ti dín kù lórí síkì. Lọ́dún 1993 wọ́n ju mílíọ̀nù 17 lọ, lónìí wọn kò tó ìdá mẹ́ta iye yẹn mọ́.

Ní gbogbo ibùdó síkì, okùn kan wà tí wọ́n ta yí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ká. Nínú okùn, ẹ̀rọ ń tẹ ojú yìnyín, àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè ń lọ ń bọ̀, bí o bá ṣubú ẹnì kan á rí ọ. Ẹ̀yìn okùn ni òkè gidi ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò sí àmì, tí kò sí ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀yìn okùn yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá kì í ṣe ohun tí mo lè fi yangàn. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ síkì ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí ibùdó kan lọ́jọ́ Sátidé. Yìnyín ti já bọ́ mọ́jú. Lẹ́yìn okùn, a rí ojú síkì àwọn tó ti kọjá ṣáájú wa, wọ́n rẹwà, wọ́n yí kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn igi. A wo ara wa, a tẹrí ba, a gba abẹ́ okùn kọjá. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí: a kò ní bíkọ̀n, a kò ní ṣọ́bìrì, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí pé ẹlòmíràn ti gba ibẹ̀, a gbà pé ọ̀nà ni.

Òun ló ṣáájú. Mo tẹ̀ lé e, mo yà fún igi kan, mo yà fún òmíràn, ìgbà tí mo gbójú sókè mi ò rí i mọ́. Mo rò pé ó ti jìnnà sí mi, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo dúró. Mo pè é. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú igbó tí yìnyín bò yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ mìíràn, ṣe ni ó ń gbé ohùn èèyàn mì. Mo yíjú wòkè, mo sì rí orí síkì méjì tó yọ jáde lẹ́bàá igi kan, bí ẹni pé ẹnì kan gbìn wọ́n síbẹ̀. Mo ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn igi tó ní ẹ̀ka wíwọ́ nílẹ̀ máa ń dá yìnyín dúró kó má dé ìdí wọn. Ihò á wà yí ìdí igi ká, yìnyín rírọ̀ tí kò dì mọ́ra á sì bo ojú rẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Ibẹ̀ ló fi orí sọ. Bó bá mira, yìnyín á tún já lé e láti ara ẹ̀ka. Kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ sí ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n nínú yìnyín tó dé mi ní ìdí, mo rìn ín bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀ odò. Ọwọ́ ni mo fi gbẹ́ ẹ. Mi ò fa ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò mọ ohun tó sọ fún mi pé kí n má fà á. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti gbẹ́ wọlé síbi tí mo rò pé ojú rẹ̀ wà. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ aró. Yìnyín kún ẹnu rẹ̀. Mo fi ìka yọ ọ́. Ó mí.

A jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó lanu, ó ní kí n má bínú. Èmi ni mo yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i kí n tó dúró, mi ò bá má lè gun òkè yẹn padà lásìkò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ júwe Bàbá fún mi, afinimọ̀nà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ará Japan ń pè é ní sensei, ìyẹn olùkọ́. Èmi ń pè é ní Bàbá, nígbà tí mo sì túmọ̀ ìyẹn fún un, ó gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ìyẹn kò tíì kan nadare o. Nadare ni àwọn ará Japan ń pe yìnyín tó bá já kúrò lára òkè tó sì ya wá sísàlẹ̀. A kò ní orúkọ rẹ̀ nílé, nítorí náà tiwọn ni màá lò. Ẹ̀kọ́ kejì tí Bàbá kọ́ mi ni bí a ṣe ń ka òkè kó tó já. Ó gbẹ́ ihò kan tó jìn dé àyà mi, ó fi ṣọ́bìrì fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan títí ó fi gún bí ògiri, ó wá yọ búrọ́ọ̀ṣì kan jáde lápò, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn. Ó ń fi rọra gbá ojú ògiri náà. Díẹ̀díẹ̀, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Èyí tó rọ̀ ń wọnú, èyí tó le ń yọ síta, yìnyín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù. Ó fi ìka kan ìlà tín-ín-rín kan, ó ní, “Àwọn òru tí ojú ọ̀run mọ́ lóṣù tó kọjá nìyí.”

Lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí òtútù sì mú, ojú yìnyín a máa hu àwọn hóró kan tó ń dán bíi dígí. Hóró wọ̀nyẹn kì í di ara wọn mú. Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ṣàn gba àárín ìka mi bíi gààrì Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa. Kò sí ewu nínú ìyẹn fúnra rẹ̀. Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjì bá dé, tí afẹ́fẹ́ gbé yìnyín tó wúwo wá, tó sì dì í pọ̀ lé gààrì náà lórí. Ẹ wò ó bí ẹni da sìmẹ́ǹtì sórí gààrì, lórí òrùlé tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àní ọ̀sẹ̀, títí ẹnì kan á fi gun ibi tó fẹ́lẹ́ jù lára sìmẹ́ǹtì náà. Gààrì á wó lábẹ́ rẹ̀, ìlà á là kọjá òkè, gbogbo rẹ̀ á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Òkè tó dà láàárín dígírì 30 sí 45 ni nadare ti sábà máa ń já. Èyí tó tẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í sábà ya, èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í lè kó yìnyín jọ tó. Dígírì yẹn gan-an ló dùn ún ṣe síkì jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìjàǹbá tó ń pa àwọn oníṣíkì, ẹni tí nadare gbé tàbí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ já a. Nígbà tí Bàbá sọ èyí fún mi, ó bà mí lẹ́rù, ó sì tún fi ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ wa lè ṣe, a lè kọ̀ láti ṣe é.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Lára Asahidake ni, òkè tó ga jù ní Hokkaido, mítà 2,291. Àwa mẹ́rin tò tẹ̀ lé ara wa, à ń gòkè. Ibi tí a wà tẹ́jú. Lójijì ilẹ̀ dún gbì lábẹ́ wa, bí ìgbà tí wọ́n ju àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní yàrá kejì, mo sì rí i tí yìnyín ojú ọ̀nà rọ̀ wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Gààrì ló wó yẹn. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. A yí síkì padà, a gba ojú ẹsẹ̀ wa sọ̀ kalẹ̀, ọjọ́ náà sì parí ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Kì í ṣe àwọn oníṣíkì nìkan ni nadare ń pa ní Japan. January 12, 1911 ni Theodor von Lerch, ọ̀gágun kan láti Austria, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ogun Japan ní síkì ní Takada, ní Niigata. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní January 9, 1918, ní Niigata yẹn kan náà, nadare ya lu abúlé Mitsumata, èèyàn 158 sì kú. Àwọn yẹn kò lọ ṣeré níbì kankan. Ilé wọn ni wọ́n wà. Tí mo bá rí àwọn àgbà abúlé òkè tí wọ́n ń fi ojú burúkú wo àwa tí a ń yọ́ gba abẹ́ okùn kọjá, mo mọ ohun tí wọ́n ń rántí.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Nasu. Ní March 27, 2017, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Tochigi wà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gígun òkè. Yìnyín já bọ́ púpọ̀, àwọn olùkọ́ fagi lé gígun òkè, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa kọ́ bí a ṣe ń rìn nínú yìnyín tó jìn. Ibẹ̀ ni nadare ti bá wọn. Ọmọ méje àti olùkọ́ kan kú. Bíkọ̀n kò sí lára àwọn ọmọ náà. Ní May 2024, ilé ẹjọ́ ní Utsunomiya dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún olùkọ́ mẹ́ta.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí. Àgbà ló ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n sì lọ. Níbí, ẹni tó ṣáájú ẹ ní ilé ìwé tàbí níbi iṣẹ́, senpai rẹ ni, o kì í já a níyàn. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn: a kì í já àgbà níyàn, bó bá sì sọ̀rọ̀, a ní “ẹ ṣeun, sà”. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn, mi ò ní sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n yìnyín kò mọ ẹni tó dàgbà. Nígbà tí mo bá Bàbá sọ̀rọ̀ nípa Nasu, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ òfin tó fi ń darí ẹgbẹ́ wa: bí ẹni tó kéré jù láàárín wa bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, gbogbo wa á padà, kò sì ní sí ẹni tó máa bi í pé kí ló dé títí a ó fi délé. Ó ní òun alára ti padà nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ogún ọdún rí. Mo rò pé bí àgbà ṣe yẹ kó jẹ́ àgbà lórí òkè nìyẹn. Òun ni kó fún ọmọdé láyè láti sọ pé rárá.

Ọgbọ́n orí síkì náà kì í dá yìnyín dúró. Ní January 29, 2023, nadare ya lórí Hakuba Norikura, ní Nagano, ó sì pa ọkùnrin méjì tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀kan nínú wọn ni Kyle Smaine, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ipò kìíní àgbáyé lọ́dún 2015 nínú síkì halfpipe, eré inú kòtò yìnyín tó rí bí ìdajì páìpù. Ẹni ọdún 31 ni. Àwọn tó mọ síkì jù mí lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ń kú níbi tí mò ń lọ, mi ò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn pamọ́ fún ara mi.

Ní Niseko, wọ́n ti ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí nadare ti ń pa èèyàn níbẹ̀, àwọn ará ìlú, àwọn oníbùdó síkì àti ìjọba ìbílẹ̀ jókòó pọ̀, wọ́n sì fẹnu kò lórí Òfin Niseko. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akio Shinya, ti ibùdó ìwádìí nadare Niseko, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ yìí, tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti yẹ afẹ́fẹ́ àti yìnyín wò kí ìròyìn àárọ̀ tó jáde. Òfin náà kò ní kí èèyàn má lọ sí ẹ̀yìn okùn. Ó tilẹ̀ gbà pé òmìnira rẹ ni. Ohun tó ní ni pé géètì nìkan ni kí o gbà jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba abẹ́ okùn. Bí géètì bá wà ní títì, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn ibì kan wà bí Yunosawa tí a kò gbọ́dọ̀ wọ̀ rárá, ọjọ́ yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá rú òfin, wọ́n lè gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Mo ti dúró nídìí géètì títì rí, mo sì gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Ẹnì kan ní òun ti fi owó ọdún kan wọ bàálù wá. Òmíràn ní òkè Ọlọ́run ni, kò sí ẹni tó ni í. Mo mọ bó ṣe ń rí lára, torí èmi náà ti gba abẹ́ okùn kọjá rí. Ṣùgbọ́n bí o bá jáde tí nadare sì gbé ọ, ẹnì kan ní láti jáde tẹ̀ lé ọ, sínú afẹ́fẹ́ kan náà, sórí òkè kan náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ẹ̀ṣọ́ òkè yẹn ní ìyàwó àtọmọ nílé. Géètì tí wọ́n tì, òun náà ni wọ́n fi ń dáàbò bò. Abúlé Nozawa Onsen ní Nagano tilẹ̀ ṣòfin lọ́dún 2010 pé ẹni tí wọ́n bá lọ gbé lẹ́yìn okùn ló máa san owó wàhálà náà. Àwọn kan ní ó le jù. Lójú tèmi, ó tọ́.

Ìròyìn àárọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ àlejò ṣe mọ̀ lọ. Ní Niseko, ó ń jáde lédè Japan àti Gẹ̀ẹ́sì. Lápá ibòmíràn, Japan Avalanche Network ló ń gbé tirẹ̀ jáde, lára ohun tí wọ́n sì ń lò ni ohun tí àwọn tó wà lórí òkè rí tí wọ́n fi ránṣẹ́. Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń ka ewu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: ẹni tó bá gbọ́ 3 á rò pé àárín ni, pé ó kàn gba kí a ṣọ́ra díẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ 3 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú jù, torí ní 4 àti 5 ẹ̀rù ti ba gbogbo ayé, wọ́n ti jókòó sílé. Àwọn tuntun tó ń dé láti Yúróòpù tàbí Áfíríkà tí wọn kò gbọ́ èdè, èmi ni mò ń túmọ̀ èyí tó wà lédè Japan fún wọn nídìí tíì gbígbóná. Iṣẹ́ tí mo fún ara mi nìyẹn.

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàlàyé fún ìyá mi ohun tí ẹgbẹ́ wa jẹ́. Àáró ni mo rí. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, gbogbo wa pẹ̀lú ọkọ́ wa. Ó yé e kíákíá. Ohun tí mi ò lè sọ fún un ni pé nínú àáró tiwa, kò sí ọ̀la. Àwọn oníṣègùn tó ṣe ìwádìí nípa rẹ̀ ní Switzerland rí i pé nínú àwọn tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ pátápátá, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè bí a bá yọ wọ́n kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30, bíi mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ló ń yè. O lè pe 110 kí ọlọ́pàá gbọ́, wọ́n á sì sa gbogbo ipá wọn, ṣùgbọ́n kí hẹlikọ́pítà tó gbéra, kó tó rí ibi tó máa balẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ti lọ tipẹ́. Àwọn tó lè gbà ọ́ là ni àwọn tí ẹ jọ jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá ẹni tí mi ò mọ̀ jáde mọ́, bó ti wù kó mọ síkì tó. Mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bó bá lè gbẹ́. Àwa tí a jẹ́ mẹ́rin nísinsìnyí, Bàbá, nọ́ọ̀sì obìnrin kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan àti èmi, a máa ń rì báàgì lóṣooṣù. A ti kọ́ pé a kì í gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ tààrà. Ìsàlẹ̀ òkè la ti ń gbẹ́ wọlé sí ìdí ọ̀pá, ẹni kan níwájú, èkejì lẹ́yìn rẹ̀ ń fa yìnyín lọ, a sì ń pààrọ̀ kí ọwọ́ tó rọ. Lóṣù tó kọjá, ìṣẹ́jú 8 la fi yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ló wà níwájú. Nígbà tó fa báàgì náà jáde, ó fi etí lé e bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́ bóyá ó ń mí, ó sì jókòó sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. A jókòó tì í.

Ìyá mi kì í béèrè bí òkè ṣe ga tó nígbà tó bá pè mí. Ìbéèrè kan ló ní, kò tíì yí i padà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé tí mò ń lọ wẹ̀ lódò: “Ìwọ àti ta ni?” Nígbà àkọ́kọ́, mo máa ń dá a lóhùn pé “èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan”. Ní báyìí mo máa ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ Japan wọn bó ṣe yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a dé Niseko ní aago méje. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ mọ́jú, géètì wà ní títì. A dúró títí di aago mọ́kànlá, a mu tíì, Bàbá sùn lórí ìjókòó. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ òkè wá ṣí i, èèyàn púpọ̀ ti tò síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ti ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ yẹn kí a tó kúrò nílé, a ti kọ ìwé tí a ń kọ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá kí a tó gun òkè: ibi tí à ń lọ, ọ̀nà tí a máa gbà, ìgbà tí a máa padà. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ibi tí a ń kọ orúkọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ sí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló mú báírò. Ó kọ orúkọ Bàbá, ó kọ ti nọ́ọ̀sì, ó wá kọ tèmi ní lẹ́tà Japan, ó gbé e sí mi lójú kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé. Ó pé. Nídìí géètì, a dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síra wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ń gba iwájú Bàbá kọjá, ó sì ń gbé bíkọ̀n tirẹ̀ sí ìwákiri láti gbọ́ tiwa. Ó gbọ́ tèmi. Ó mi orí, mo sì gba géètì kọjá.